Kamina àti Nauen: Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Fò Láìsí Alárinà



Ǹjẹ́ ẹ ti rí kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn, tí kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn láàárín wọn? Lóde òní, kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ẹnì kan ní ìwé tàbí àwòrán nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹnì kejì sì fẹ́ ẹ. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí àpótí tí í máa pín in káàkiri ilé. Àwọn méjèèjì á fi orúkọ kan náà sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọn yóò gbà. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ wọn sórí ìgbì kan náà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan á ní nọ́ńbà tirẹ̀, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fọwọ́ sí ìlànà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe fún ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe. 802.11 ni wọ́n pè é. Ní 2010, Wi-Fi Direct dé, ó sì mú iṣẹ́ náà rọrùn sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ohun tuntun pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kúrò ní Glei, tí ó tẹ̀ lé ojú irin àtijọ́ lọ sí apá àríwá, kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé ibi tí irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ kí a tó bí àwọn bàbá wa. Ibẹ̀ ni Kamina, nítòsí Atakpamé. Ní ọdún 1914, ẹ̀rọ kan wà ní Kamina tí ó ń bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ ní Nauen, ìlú kan tí kò jìnnà sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ju 5,000 kìlómítà lọ láàárín àwọn méjèèjì. Aṣálẹ̀ wà lọ́nà, òkun wà lọ́nà, òkè ńlá wà lọ́nà. Wọn kò na okùn, wọn kò sì kọ́ ilé iṣẹ́ kankan sí agbedeméjì láti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe rí, àti ohun tí ó ná àwọn ènìyàn wa.

Kí ló dé tí àwọn Jámánì fi ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Àwa ọmọ Ifẹ̀ àti gbogbo Nàgó mọ ìdáhùn, nítorí àwọn àgbà wa ti mọ ohun tí alárinà lè ṣe sí ọ̀rọ̀. Láyé àtijọ́, bí ọba bá fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀, yóò di àrokò, yóò sì fi í rán ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ lè pẹ́. Ó lè sọnù. Wọ́n lè mú un lójú ọ̀nà. Òwe wa sì sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá lè yí padà. Nígbà míràn, ìyípadà náà lè ṣe ni lóore, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo.

Ohun tí ó ń ba Jámánì lẹ́rù nìyẹn. Láti 1884 ni wọ́n ti ń ṣàkóso Togo. Wọ́n ní Kamẹrúùnù, wọ́n ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Namibia lónìí, wọ́n sì ní ilẹ̀ mìíràn ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Bí gómìnà kan bá fẹ́ tẹ wáyà sí Berlin, okùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé nígbà náà. Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ri okùn tirẹ̀ náà sínú òkun, ṣùgbọ́n okùn ṣeé gé. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ lè wá a rí, kí ó fà á sókè, kí ó sì gé e. Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 1914, ọjọ́ kejì tí Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun, ọkọ̀ ojú omi wọn kan tí ń jẹ́ Alert gé okùn márùn-ún tí ó ti Jámánì jáde wá sínú òkun.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gé afẹ́fẹ́?

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Jámánì tí ń jẹ́ Telefunken. Ọdún 1903 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 1906, ó gbé ẹ̀rọ aláìlókùn kalẹ̀ ní Nauen, ó sì ń fi agbára kún un lọ́dọọdún. Òun ni ìjọba Jámánì gbé iṣẹ́ fún pé kí ó wá ibi tí yóò ti lè gbọ́ Nauen ní Áfíríkà, kí ó sì lè dá a lóhùn. Kamina ni wọ́n yàn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1911. Ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà ni Anton Codelli, ìjòyè kan láti Ljubljana, ìlú tí ó wà ní Slovenia lónìí. Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ Ljubljana ní 1898. Ẹ rí i pé kì í ṣe ẹni tí ń bẹ̀rù ohun tuntun.

Wọ́n gbé òpó irin mẹ́sàn-án dúró ní Kamina. Mẹ́ta nínú wọn ga ní 75 mítà, mẹ́fà yòókù ga ní 120 mítà. Ẹ fi ojú inú wo igi ìrókò tí ó ga jù lọ tí ẹ mọ̀. Ẹ wá to mẹ́ta irú rẹ̀ lé ara wọn lórí, kí ó tó dé góńgó òpó kan. Láti orí òpó sí orí òpó ni wọ́n ta wáyà tí ń rán ọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń gbà á. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ńlá fún ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi gbígbóná ṣe iná mànàmáná. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wa kò mọ iná mànàmáná àfi ti ojú ọ̀run.

Báwo ni gbogbo irin yẹn ṣe dé ibẹ̀? Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Lomé. Láti Lomé, ojú irin tí àwọn Jámánì là ni ó gbé e wá. Ó gba Notsé kọjá, ó gba Glei kọjá, ó sì dé Agbonou lẹ́bàá Atakpamé. Láti ibẹ̀, ọwọ́ àti èjìká ènìyàn ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó kọ nípa Kamina máa ń yin ẹ̀rọ náà, wọ́n sì máa ń yin Codelli. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó gbẹ́ ihò tí òpó dúró lé? Ta ni ó pa igbó náà? Ta ni ó fa irin gun òkè? Ní àkókò Jámánì, òfin wà pé kí àgbà ọkùnrin ṣe iṣẹ́ ọjọ́ 12 lọ́dún fún ìjọba láìgba owó, bí kò bá rí owó orí san dípò rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà àti ojú irin ni wọ́n sábà máa ń fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn gba owó iṣẹ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kékeré ni. Orúkọ Codelli wà nínú ìwé. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà ní Kamina wà ní ilẹ̀ òkèèrè, a sì rí àwọn ènìyàn wa nínú wọn tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Orúkọ àwọn wọ̀nyí kò sí lábẹ́ fọ́tò náà. Lójú tèmi, ibi tí ìtàn Kamina kò tíì pé nìyẹn. Bí àgbàlagbà kan bá wà nílé yín tí ó gbọ́ ìtàn iṣẹ́ náà lẹ́nu bàbá rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹ̀rọ. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń fò? Bí ẹ bá sọ òkúta sínú odò, omi á máa rú ní ìgbì, ìgbì á sì máa lọ títí yóò fi kan èbúté. Iná mànàmáná náà lè rú ìgbì sókè, ṣùgbọ́n ojú kò rí i. Ní Nauen àti Kamina, iná ni wọ́n ń mú kí ó ta pàrà kíákíá kíákíá. Bí ó bá ta fún ìgbà kúkúrú, àmì kan nìyẹn. Bí ó bá ta pẹ́ díẹ̀, àmì mìíràn nìyẹn. Àmì kúkúrú àti àmì gígùn ni wọ́n tò pọ̀ di lẹ́tà, lẹ́tà di ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin náà ṣe ń to a, b, d pọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹni tí ó wà ní Kamina fi nǹkan bo etí rẹ̀, ó ń gbọ́ àmì náà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbì náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbà ju ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ láti Nauen dé Kamina.

Ìgbì tí kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń lò kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 12 lọ láti orí ìgbì kan dé orí èkejì. Nítorí náà, wáyà tí ó ń lò kéré, ó farapamọ́ sínú ẹ̀rọ, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìgbì Kamina gùn ju 1,000 mítà lọ. Irú ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ lé ara ilẹ̀ ayé lọ sí ọ̀nà jíjìn, kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ wáyà gígùn, òpó gíga àti agbára púpọ̀. Ìgbì kúkúrú ti kọ̀ǹpútà kò fẹ́ agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ògiri bíi mélòó kan ti tó láti dá a dúró. Nítorí náà, inú ilé tàbí àgbàlá kan ni kọ̀ǹpútà méjì ti sábà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà láìsí alárinà gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ohun kan kò sì yí padà láti 1914 di òní. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Bí Nauen bá wà lórí ìgbì kan tí Kamina sì ń tẹ́tí sí ìgbì mìíràn, ariwo lásán ni. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ ní wákàtí tí èkejì ń sùn, asán ni. Ààrá pẹ̀lú máa ń dà á rú. Nílẹ̀ wa, mànàmáná a máa kọ ní àkókò òjò, gbogbo rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ aláìlókùn ń gbọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń din àgbàdo lórí iná. Àwọn òṣìṣẹ́ Kamina ní láti máa ṣa àmì Nauen láàárín ariwo yẹn.

Nígbà tí ọdún 1914 fi dé ìdajì, àwọn méjèèjì ti ń gbọ́ ara wọn. Níbí ni nǹkan kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nítorí kí Jámánì lè bọ́ lọ́wọ́ alárinà ni ó ṣe kọ́ Kamina. Ṣùgbọ́n Kamina fúnra rẹ̀ di alárinà fún àwọn ibi yòókù. Windhoek ní gúúsù ní ẹ̀rọ, Duala ní Kamẹrúùnù náà ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n agbára wọn kò tó láti máa bá Nauen sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Kamina ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí ó ń fi í ránṣẹ́. Ó ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi Jámánì lórí òkun sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ogun, wáyà tí ó kọjá níbẹ̀ ju 200 lọ. Nípa báyìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òwò Jámánì ṣe gbọ́ pé ogun ti dé, tí wọ́n sì sá wọ èbúté ilẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nítorí èyí, gbogbo ojú ọ̀tá yí sí Kamina. Ní London, wọn kò ka Togo sí nǹkan ńlá, ilẹ̀ tóóró ni lójú wọn. Àwọn òpó mẹ́sàn-án yẹn ni wọ́n ń wá.

Hans Georg von Doering ni ó ń dá gómìnà Togo dúró nígbà náà. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, àti sí Dàhòmì, tí à ń pè ní Benin lónìí, pé kí ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe dá sí ìjà àwọn ará Yúróòpù. Wọn kò gbà. Ló bá fi ẹ̀rọ aláìlókùn sọ fún Berlin pé òun ń fi Lomé àti etíkun sílẹ̀, òun ń lọ dáàbò bo Kamina. Kò fi àṣírí bo ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbọ́ ọ. A máa ń sọ pé ògiri létí, ṣùgbọ́n ògiri tilẹ̀ ń dí nǹkan díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gba afẹ́fẹ́ kọjá, gbogbo ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì tí ń sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí i. Ẹni tí ó jókòó sí iyàrá kejì lè máa kà á.

Àwọn ọmọ ogun Gold Coast wọ Lomé lábẹ́ ọ̀gágun F. C. Bryant. Àwọn Faransé wọlé láti Dàhòmì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé òyìnbó ni ó pọ̀ nínú wọn. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ ogun ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan àwọn ọlọ́pàá tí Jámánì fi jà. Alhaji Grunshi, ọmọ ogun Gold Coast kan, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ yìnbọn nínú gbogbo àwọn tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní Togo níbí ni ó ti yìn ín, ní oṣù kẹjọ 1914. Lẹ́yìn wọn ni àwọn aláàárù ń bọ̀ tí wọ́n ru ọta àti oúnjẹ.

Ojú irin ni ogun náà tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ 15 àti 16 oṣù kẹjọ, ìjà ṣẹlẹ̀ ní Agbélouvé, ọwọ́ Jámánì kò sì mókè. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n ba afárá jẹ́ bí wọ́n ti ń lọ. Ní ọjọ́ 22, wọ́n dúró ní odò Chra. Ẹ mọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ará Glei. Ibẹ̀ ni à ń pè ní Wahala lónìí, kò sì sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ orúkọ náà fún wa. Wọ́n gbẹ́ yàrà sí òdìkejì odò, wọ́n gbé ìbọn arọ̀jò-ọta sínú rẹ̀. Ìjà ọjọ́ kan péré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó le jù nínú gbogbo ogun Togo. Níbẹ̀ ni George Masterman Thompson kú sí, ẹni tí wọ́n kà sí ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ìbọn pa nínú ogun yẹn. Ibojì rẹ̀ wà ní Wahala títí di òní, ti àwọn mìíràn sì wà nítòsí rẹ̀.

Ní òru, àwọn Jámánì fi Chra sílẹ̀.  Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, ìró ńlá dún láti apá àríwá, àwọn ọmọ ogun tí ń bọ̀ sì gbọ́ ọ. Àwọn Jámánì ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn wó òpó wọn. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sun ohun tí ó ṣeé sun. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta di àlàpà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní ọjọ́ 26, von Doering túúbá. Kamina kò tíì lo oṣù méjì nínú iṣẹ́ gidi.

Ní Nauen, wọ́n ń pe Kamina, Kamina kò dáhùn. Ní Windhoek pàápàá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ilé sọ̀rọ̀ dí, àfi kí wọ́n máa ṣa ìwọ̀nba ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé dé. Ní oṣù karùn-ún 1915, àwọn ọmọ ogun South Africa wọ Windhoek, ẹ̀rọ ibẹ̀ náà sì bọ́ sí ọwọ́ wọn.

Ẹni tí ó bá lọ sí Kamina lónìí yóò rí àwókù ilé ẹ̀rọ náà, àti ìpìlẹ̀ tí àwọn òpó dúró lé. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Togo láàárín ara wọn kí oṣù kẹjọ ọdún náà tó parí. Gẹ̀ẹ́sì mú Lomé àti Kpalimé nígbà náà, Faransé mú Aného, Atakpamé àti ìlú tí ó wà lókè rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Lomé náà bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Nítorí èyí, àwọn ọmọdé Atakpamé tí wọ́n ti ń ka ìwé lédè Jámánì ní 1914 tún ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, kí wọ́n máa kọ́ orúkọ nǹkan gbogbo lédè Faransé.